Ìgunpá ni kó máa tẹ̀ ẹ́: ìdáhùn fún aránṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè tẹ pẹ́dà mọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàrígà ni mo ti ń ránṣọ. Ọ̀kadà ló gbá mi lọ́dún tó kọjá, láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ ò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Orí àga onítáyà ni mo wà báyìí. Maṣíìnì tòkunbọ̀ Jàpáànù ni mo ní, 100 volt, stẹ́pù-dáònù (àpótí tó ń sọ iná 230 volt di 100) ni mo fi ń lò ó, pẹ́dà rẹ̀ sì ní wáyà méjì. Mo fẹ́ kí ọwọ́ máa darí eré rẹ̀ dípò ẹsẹ̀. Rewáyà àdúgbò wa ní òun máa fi rẹ́gúlétọ̀ fáànù sí i, pé kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣé kí n gbà fún un? Èmi, Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ẹ má tíì jẹ́ kí rewáyà fọwọ́ kan wáyà kankan. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Iṣẹ́ fáànù ló mọ̀, fáànù kì í sì í ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín ni pé, ọwọ́ wo gan-an lẹ fẹ́ kó máa darí ẹ̀? Nígbà tí ẹ bá ń gbé síìpù sẹ́yìn gáùn lésì, ọwọ́ òsì ló tẹ́ aṣọ síwájú abẹ́rẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ń ti etí síìpù kó má baà yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fa lésì kó má ká jọ, bí abẹ́rẹ́ bá sì dé ibi orí síìpù, òun náà ló ń sáré lọ dì mọ́ wíìlì láti fi rọra yí i. Ìka wo ló wá ṣẹ́kù tó máa yí rẹ́gúlétọ̀? Kò sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní “maṣíìnì tí wọ́n ń fi ọwọ́ darí” kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí oníṣẹ́ tó pa á tì.

Iṣẹ́ méjì ni ẹsẹ̀ ń ṣe lórí pẹ́dà, a ò kàn fura ni. Ó ń sọ bí maṣíìnì á ṣe sáré tó. Ó tún ń sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dúró. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ gbé iṣẹ́ ẹsẹ̀ fún ọwọ́, ti àkọ́kọ́ ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èkejì yẹn gan-an lọ̀gá. Ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ti eré, ẹ gbé e fún nǹkan tí wọ́n ń yí, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó dojú kọ rírán kan, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdúró, ẹ gbé e fún ìgunpá òsì, torí pé bí ọwọ́ òsì ṣe ń tẹ́ aṣọ náà, orí tábìlì ni ìgunpá rẹ̀ gbé sùn, kò ríṣẹ́ ṣe.

Ìyà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú rẹ̀ fún, ní Mushin, súìṣì bíi ti iná ilé ni mo fi sí i: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tàn, ó di ìgbà tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ kó tó kú. Inú èmi àti obìnrin náà dùn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ló pè mí. Ó nawọ́ mú sísọ́ọ̀sì, maṣíìnì ṣì ń lọ, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ló bá fi ọwọ́ kejì gbá a mú, abẹ́rẹ́ sì gba èékánná ìka rẹ̀ kọjá. Ẹ̀bi tèmi ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, ohunkóhun tí mo bá fi rọ́pò ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, bí ara bá ti kúrò lórí rẹ̀ báyìí, maṣíìnì gbọ́dọ̀ kú. Súìṣì tó ń jókòó fúnra rẹ̀, tó ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ rẹ́gúlétọ̀ fáànù. Èyí tó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ láti 1 dé 5, kapásítọ̀ (nǹkan kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù) ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mọ́tọ̀ fáànù àjà ni wọ́n wọn kapásítọ̀ yẹn fún, mọ́tọ̀ fáànù kò sì ní kábọ̀nù nínú. Mọ́tọ̀ ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì yín (kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n ń gùn o) ní kábọ̀nù méjì tó ń fara ra ọpọ́n bàbà tó ń yí, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń rí iná wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí wọ́n bá so rẹ́gúlétọ̀ ọ̀hún mọ́ ọn, ní 1 sí 4 kò ní lè gbé abẹ́rẹ́, tó bá dé 5 yóò bú jáde bí ẹṣin tó já. Èyí tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ láìdún sún mọ́ ohun tí à ń wá díẹ̀, ṣùgbọ́n iná 230 volt àti ẹrù fáànù kékeré ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Lórí 100 volt, apá ibi tó yẹ kó rọra ti máa kú dànù.

Ohun tí ẹ máa rà ni kọntiróólà tí wọ́n ń lò fún mọ́tọ̀ oníkábọ̀nù, bíi ti dírílì àti gíráńdà. Ẹ máa rí èyí tó jẹ́ bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ní irin pẹlẹbẹ fún ooru lẹ́yìn àti kọ́rọ́ọ̀bù kan (orí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí) níwájú, tí wọ́n kọ “AC 50–220V” sí. Ní Alábà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ wẹ́wẹ́, ẹ ní kọntiróólà 2000W. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín. Mọ́tọ̀ ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì ilé kì í sábà ju 100 watt lọ, ohun tó bá lè gbé 2000 kò ní láàgùn rárá lábẹ́ tiyín. Ìhòòhò ni bọ́ọ̀dù náà máa ń wá, gbogbo irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì lè gbé iná. Inú àpótí oníke ló gbọ́dọ̀ wọ̀, kí kọ́rọ́ọ̀bù nìkan yọjú, kí kọ́rọ́ọ̀bù náà sì jẹ́ oníke.

Ibi tí wọ́n máa so ó sí ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ rà lọ. Ẹ̀yìn stẹ́pù-dáònù ni, láàárín stẹ́pù-dáònù àti maṣíìnì. Bí rewáyà bá so ó síwájú stẹ́pù-dáònù, kí ó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, iná tí kọntiróólà ti gé wẹ́wẹ́ ni yóò máa wọnú stẹ́pù-dáònù. Stẹ́pù-dáònù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á gbóná, ó sì lè jó mọ́ yín lójú. Mo ti rí méjì tó jó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún mọ èyí sí i: ọ̀pọ̀ stẹ́pù-dáònù kékeré tó wà lọ́jà kò ya iná tó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jáde. Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù ni, okùn kan náà ni. Ẹni tó bá ní “100 volt lásán ni” tó wá fọwọ́ kàn án lè bá 230 pàdé níbẹ̀.

Ní ti pé iye ìgbà tí iná Jàpáànù ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè yàtọ̀ sí tiwa, 50 tàbí 60 hertz, ẹ má da ara yín láàmú. Mọ́tọ̀ oníkábọ̀nù kò bìkítà.

Ẹ wá jẹ́ ká tú pẹ́dà wò. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri ná, kí ẹ dojú pẹ́dà dé, kí ẹ tú síkúrù ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí tánganran funfun kan tó dùbúlẹ̀ bí ìgò oògùn kékeré, ti kábọ̀nù nìyẹn. Àwo kábọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra bí ẹni to owó kọ́bọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n á fún mọ́ra, iná á ráyè kọjá. Bí ẹsẹ̀ bá dẹwọ́ díẹ̀, wọ́n á tú sílẹ̀, iná á dín. Tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ dópin, irin méjì á fẹnu kora, iná á gba ibẹ̀ kọjá tààrà láìtún ya ọ̀dọ̀ kábọ̀nù mọ́. Bí ó bá jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká bíi síríńgì tó ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ lẹ rí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bó bá jẹ́ pátákó aláwọ̀ ewé tí wọ́n to nǹkan wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ lẹ rí, ẹlẹ́kitirọ́níìkì nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Àárín méjì yẹn, ìgbà tí wọn ò tẹ̀ ẹ́ dópin tí wọn ò sì fi í sílẹ̀, ni pẹ́dà kábọ̀nù ti ń gbóná, torí iná tí kò dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀ ti di ooru sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kì í jẹ́ ká mọ̀, torí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó ń tú. Mo mọ télọ̀ kan ní Lawanson tó fi kílám̀pù fún pẹ́dà rẹ̀ pa sí àárín, tó wá ń fi súìṣì ògiri tan maṣíìnì. Òórùn ike tó ń jó ló lé àwọn oníbàárà jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí kàn yín ju ẹlòmíràn lọ, Ìyá Ìbejì: ẹ má ṣe gbé pẹ́dà lé itan láéláé. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí ó dà bí ẹni pé ibẹ̀ ló yá jù. Itan tí kò mọ gbígbóná lè bó kí ẹ tó mọ̀.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé pẹ́dà tí wọ́n bá tẹ̀ dópin kì í gbóná. Tí kọ́rọ́ọ̀bù bá ti ń mójú tó eré, ìgunpá yín kò ní ìdí láti tẹ pẹ́dà sí àárín mọ́. Kó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, maṣíìnì á sáré dé ibi tí kọ́rọ́ọ̀bù gbà á láyè dé. Kó gbéra, maṣíìnì á dúró. Pẹ́dà tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ yẹn náà ló di súìṣì, ẹ ò ní í ra òmíràn. Wáyà kan péré ni wọ́n máa gé, èyí tó ń gbé iná lọ, kọntiróólà á sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Kí wọ́n fi fíúsì sí i pẹ̀lú: ẹ ka ampere tí wọ́n kọ sára mọ́tọ̀, kí fíúsì fi díẹ̀ jù ú lọ.

Bó bá jẹ́ pẹ́dà ẹlẹ́kitirọ́níìkì lẹ ní, ẹ má so òun àti kọntiróólà pọ̀ sójú okùn kan. Àwọn méjèèjì ló ń gé iná, wọ́n á sì máa jà, maṣíìnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹ yọ pẹ́dà kúrò pátápátá, kí ẹ ra màíkírò-súìṣì olápá (súìṣì kékeré tó ní apá tí wọ́n ń tẹ̀), irú èyí tí wọ́n kọ 15A 250V sí lára, kí ìgunpá máa tẹ ìyẹn.

Ẹ pe kápẹ́ńtà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ máa gbádùn ara yín tàbí èjìká á máa dùn yín. Pẹ́dà ga. Bí ẹ bá kàn gbé e lé orí tábìlì tí ẹ sì gbé ìgunpá lé e, èjìká òsì á gòkè ju ti ọ̀tún lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú ọrùn á ti gan. Kó gé ihò sí tábìlì, kí pẹ́dà wọnú rẹ̀, kó jókòó sórí pátákó tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́, kí orí rẹ̀ má yọ sókè ju ìnípọn àtàǹpàkò lọ. Kó ju pátákó pẹlẹbẹ kan lé e, tó gùn tó ìwọ̀n ọwọ́ láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́, tí wọ́n fi ìdè ilẹ̀kùn kékeré de ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì, kó fi fóòmù àti àjákù aṣọ bò ó. Ọwọ́ yín á sùn sórí pátákó yẹn bí ọwọ́ ṣe ń sùn sórí apá àga. Àmọ́ bí ọwọ́ bá kàn sùn lé e, maṣíìnì kò gbọdọ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Bí síríńgì pẹ́dà bá ti rẹ̀, kó fi síríńgì kejì gbé pátákó náà. Ẹ rí i pẹ̀lú pé àga yín wọ abẹ́ tábìlì dáadáa kí pátákó tó wà lábẹ́ ihò má baà gbá apá àga.

Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó kọ́kọ́ tan án. Mo tún un sọ: ẹ yọ abẹ́rẹ́. Ẹ tẹ̀, ẹ tú, ẹ tẹ̀, ẹ tú, títí ìgunpá á fi mọ ibi tó ń mú. Lẹ́yìn náà ẹ dá abẹ́rẹ́ padà láìfi òwú sí i, kí ẹ fa ìlà sórí ìwé àwọn ọmọ, kí ẹ máa rán ìlà náà. Igun ni kí ẹ fi dán ara yín wò, kì í ṣe ọ̀nà tó gún. Bí ẹ bá lè dúró gẹ́lẹ́ sí igun, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, kí ẹ yí ìwé, kí ẹ tún gbéra, ẹ ti ṣe tán láti fọwọ́ kan àńkárá.

Ẹ wá fi kútẹ́ẹ̀sì kán àmì mẹ́ta sí ẹ̀bá kọ́rọ́ọ̀bù: pupa fún síìpù àti ọrùn bùbá, funfun fún ẹ̀gbẹ́ tó gún, òmíràn fún ìgbà tí ẹ bá ń fa aṣọ jọ. Ẹ má retí pé àmì yẹn á dúró sójú kan. Bí nẹ́pà bá gbé iná tó rẹ̀ wá, ibi tí pupa ń fún yín lánàá kò ní í fún yín lónìí, ẹ máa yí i sókè díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tí fíríìjì aládùúgbò bá wà lórí rẹ̀. Ínfátà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Èyí tí iná rẹ̀ kò mọ́, àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn, kì í bá kọntiróólà yìí rẹ́. Eré á máa fò sókè fò sílẹ̀, ẹ má rán nǹkan oníbàárà lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá yí i sílẹ̀ gan-an tí ẹ sì dé ibi tí aṣọ òkè ti lé ní ìpele mẹ́rin, mọ́tọ̀ lè dúró kó máa kùn. Kò bàjẹ́. Agbára rẹ̀ ò tó níbẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó kùn pẹ́, torí mọ́tọ̀ tó ń gba iná tí kò yí ń jó inú ara rẹ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yí wíìlì ràn án lọ́wọ́, tàbí kí ẹ gbé kọ́rọ́ọ̀bù sókè kí ẹ máa fi ìgunpá tẹ̀ ẹ́ dópin, kí ẹ tètè tú u, tẹ̀-tú, tẹ̀-tú. Ohun tí ẹsẹ̀ àwọn àgbà télọ̀ ń ṣe lórí ìpàdé aṣọ nìyẹn náà.

Àwọn míì á ka èyí tí ọ̀ràn wọn ò jọ tiyín. Ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló kọṣẹ́, kó gbé pẹ́dà sọ́dọ̀ òsì, òsì á kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń lo maṣíìnì indọ́sítíríà (ti ilé iṣẹ́) tó ní mọ́tọ̀ ńlá lábẹ́ tábìlì, kó má fi kọntiróólà yìí sún mọ́ ọn rárá, torí mọ́tọ̀ yẹn kò ní kábọ̀nù. Kó pààrọ̀ rẹ̀ sí sáfò mọ́tọ̀, tó ní bọ́tìnnì eré tirẹ̀, kí wẹ́dà sì fa ọ̀pá pẹ́dà rẹ̀ wá sókè sí ẹ̀bá ìgunpá. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ tún fẹ́ ra maṣíìnì lọ́jọ́ iwájú, ẹ wá èyí tó jẹ́ kọ̀ǹpútà, tó ní bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀-ìdúró níwájú àti ohun tí wọ́n ń fà fún eré. Púpọ̀ nínú wọn, bọ́tìnnì náà kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ bá yọ pẹ́dà kúrò, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì yẹn náà máa ń jókòó fúnra rẹ̀ bíi ti obìnrin Mushin yẹn, nítorí náà ìka kan ò gbọdọ̀ jìnnà sí i.

Bí ẹ bá ti parí iṣẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má fi ti kọ́rọ́ọ̀bù tí ẹ yí sílẹ̀ ṣe, àwọn ìbejì ní ìgunpá tiwọn. Kí ẹ sì máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ara yín sókè kúrò lórí àga ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ìdí tí kò mọ ìrora kì í pariwo kí egbò tó jáde.

Fún rewáyà yín, ẹ kàn sọ fún un pé: lẹ́yìn stẹ́pù-dáònù, wáyà kan, fíúsì, àpótí oníke. Kó tó gé nǹkan kan, ẹ tú ìdí pẹ́dà, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ àti ti àwo kékeré tí wọ́n kọ nǹkan sí lára mọ́tọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí i bóyá tánganran ni tàbí pátákó aláwọ̀ ewé.